Bàbá Mi àti Oníbodè Aláṣọ Irin

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ lókè òkun bíi tèmi, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ lórí òkè kan ní New York yìí nígbà ooru. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Tí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ọwọ́ mi ni kí ẹ mú, ẹ fi ẹnu Bàbá sílẹ̀.

Sátidé ni ọjọ́ náà, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni Bàbá máa padà sílé. Oṣù márùn-ún ló ti lò lọ́dọ̀ wa ní Park Hill, ní erékùṣù tí à ń gbé. Nínú oṣù márùn-ún náà, Mofẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, kò bá a sọ gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ibí ń fi imú sọ. Tí Bàbá bá ní, "Mofẹ́, ṣé dáadáa lo jí?" á mi orí. "Ṣé o ti jẹun?" á mi orí. Títí Bàbá fi pè mí sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àṣàkẹ́, má bínú o. Ṣé kì í ṣe odi ni ọmọ yìí?"

Kì í ṣe odi. Àwa la ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ tí a lọ pàdé Bàbá ní pápákọ̀ òfuurufú, Mofẹ́ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì há ìkíni sórí. Ó fẹ́ béèrè bóyá ọkọ̀ tó gbé Bàbá fò dáadáa. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ó ní, "Baba, ṣe ọkọ yin fo daadaa?" Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sọ̀rọ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ aṣọ. Ọkọ la gbọ́, a kò gbọ́ ọkọ̀. Bàbá arúgbó tí irun rẹ̀ funfun báláú ni wọ́n ń bi pé ṣé ọkọ rẹ̀ fò dáadáa! Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. "Mi ò tíì jókòó ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti wá ọkọ fún mi!" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tún pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí Mofẹ́ sọ. Nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, èmi ìyá rẹ̀ kò wo ojú ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pa ẹnu rẹ̀ dé.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi súìtì tàn án, mo jágbe mọ́ ọn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi òun ṣẹ̀rín mọ́. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó ti dàgbà tó Bàbá kò ní máa fò lọ fò bọ̀ títí. Tó bá lọ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi á fi máa rántí bàbá bàbá... ẹ gbà mí, bàbá ìyá rẹ̀.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló sọ fún mi nípa eré kan tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ńlá kan lókè Manhattan. Ó ní wọ́n á ṣe bí ìlú olódi ayé àtijọ́ ti àwọn òyìnbó. Wọ́n á wọ aṣọ irin, wọ́n á gun ẹṣin. Mo ní kí n kó wọn lọ, bóyá ìran á ṣe ohun tí ẹnu mi kò lè ṣe. Mo pọn ọmọ ọwọ́, mo di ìrẹsì sínú ike, a wọ bọ́ọ̀sì, a wọ fẹ́rì, a wọ tírénì abẹ́ ilẹ̀ tó gbé wa lọ títí Bàbá fi bi mí bóyá ilé la ń padà sí.

Nígbà tí a gun òkè náà dé orí, a rí ilé olókùúta kan tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ yọ lókè igi, ògiri òkúta sì yí etí òkè ká. Bàbá dúró gbagidi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà.

"Odi rè é," ó ní.

"Ọgbà ìgbafẹ́ ni, Bàbá. Eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀."

"Eré kẹ̀? Odi kì í ṣe eré. Òkúta ni tiwọn, amọ̀ ni tiwa, ẹ̀rù kan náà ló mọ méjèèjì."

Níwájú, wọ́n ti fi pákó àti aṣọ tí wọ́n kùn bí òkúta ṣe ẹnubodè gíga kan. Ọkùnrin kan dúró níbẹ̀ nínú aṣọ irin, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń ro lágbárí rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé, á na ọ̀kọ̀ dí i lọ́nà, á fi ohùn ńlá bi í pé ta ni, níbo ló ti ń bọ̀. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á kọjá.

Ó na ọ̀kọ̀ sí Bàbá. Ó pariwo.

Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní:

"Oníbodè, mo kí ọ o. Ọmọ ọmọ oníbodè lèmi náà. Ojú omi ni mo gbà wá. Ọmọ mi ló tẹ̀ lé mi, àwọn ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. A kò gbé ogun wá, a kò gbé àìsàn wá. Ìrẹsì ni ẹrù wa. Ṣílẹ̀kùn fún wa, kí o sì jẹ́ kí á padà ní pípé bí a ṣe wá."

Aláṣọ irin rẹ ọ̀kọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó bi wá wọ́ọ́rọ́wọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni Bàbá sọ. Mo fẹ́ dáhùn, àmọ́ ọmọ ẹ̀yìn mi ti fa gèlè mi bojú mi, mo ń bá a jà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Mofẹ́. Ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kò fo nǹkan kan: ojú omi, ogun, àìsàn, ìrẹsì. Ó tún fi tiẹ̀ kún un pé iṣẹ́ kan náà ni ọkùnrin náà àti ìdílé òun ń ṣe, nítorí náà kí ó má dá wa dúró pẹ́. Ọkùnrin náà tẹrí ba fún Bàbá dé orúnkún. Ó gbé ọ̀kọ̀ kúrò lọ́nà.

Bàbá dì mí lápá mú. "Ṣé ọmọ yìí ń gbọ́ mi?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé."

A wo àwọn ẹlẹ́ṣin. A wo méjì tó ń fi idà lu ara wọn; ọ̀kan ṣubú, ó kú, ó dìde, ó lọ mu omi. Bàbá ní bí gbogbo ogun bá rí báyìí, ayé ì bá dùn. Wọ́n ń ta itan tòlótòló tó tó apá ọmọdé. Bàbá bi mí pé, "Tòlótòló wo ló ní itan báyìí? Ṣé òun náà ń gun ẹṣin ni?" Àgbàdo yíyan kan la rà fún Mofẹ́, a sì jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ògiri. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú ògiri náà ló ń wò.

"Nígbà tí mo wà bí ọmọ yìí, odi ìlú wa ṣì ga ju ọkùnrin méjì lọ lápá ẹnubodè. Níbòmíràn, òjò ti jẹ ẹ́ títí ó fi dà bí ebè. Yàrà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jìn débi pé tí ewúrẹ́ bá jìn sí i, igbe rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́ tí ọyẹ́ kò tíì dé, a máa ń tún odi mọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọdún odi là ń pè é.

"Àwọn obìnrin ló ń pọnmi láti odò sínú kòtò amọ̀. Àwọn ọkùnrin á ká ṣòkòtò, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́. Ohùn amọ̀ yẹn, Àṣàkẹ́! Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ń jẹun. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ariwo rẹ̀ á rọlẹ̀, á máa dún fẹ̀ẹ́, fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà á ní, ó jinná. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Lóde òní, wọ́n á da sìmẹ́ńtì sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa bú ramúramù, kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí ohunkóhun. Mi ò sọ pé sìmẹ́ńtì burú o. Òjò kì í jẹ ẹ́. Àmọ́ sìmẹ́ńtì kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

Mofẹ́ wò mí. Ó fẹ́ kí n béèrè. Mo béèrè: "Orúkọ báwo, Bàbá?"

"Wò ó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á bu ìṣù amọ̀ kan tó kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á dúró lẹ́sẹ̀ odi. Mọlémọlé wà lókè, ó na ọwọ́ sílẹ̀. Kí o tó ju amọ̀ sí i, wàá pe orúkọ rẹ àti orúkọ bàbá rẹ, wàá ní, 'Mo mọ tèmi!' Gbogbo ìlú á dáhùn pé, 'O mọ ọ́n!' Mọlémọlé á hán an, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ odi, pàá! Wọ́n ní orúkọ rẹ ti wọ inú odi lọ nìyẹn. Tí a bá ń lọ sóko, a máa ń nàka sí i: 'Èmi nìyẹn. Ìwọ nìyí lábẹ́ mi.' Èkuru àti ata díndín là ń jẹ níbẹ̀, ọwọ́ amọ̀ la fi ń jẹ ẹ́, kò sì pa wá.

"Ọdún kan wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ju amọ̀ tirẹ̀ tagbáratagbára. Mọlémọlé ń họ irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, kò rí i. Amọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó balẹ̀ sójú Baálẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ ìbòòji lódìkejì! Gbogbo ìlú pa lọ́lọ́. Baálẹ̀ fi ìka yọ ojú kan nínú amọ̀, ó ní, 'Ẹ má nù ún o. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tí ogun bá dé, èmi ni kí ẹ gbé síwájú.'"

Mofẹ́ rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Odi ọ̀hún ńkọ́ báyìí?" mo béèrè.

"Ọ̀nà ọlọ́dà dé, katakata wó ẹnubodè. Ní ìyókù, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa ọmọ ìlú gan-an la jẹ ẹ́ tán. Ó rọrùn láti fi amọ̀ rẹ̀ gún búlọ́ọ̀kù. Èmi náà bù níbẹ̀, kí n má tàn yín. Ilé tí mo bí ọ sí, Àṣàkẹ́, amọ̀ odi ni. Nígbà mìíràn tí mo bá fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀ wa, mo máa ń dúpẹ́. Mo ń sọ nínú ara mi pé ènìyàn mélòó ló dì mí mú báyìí? Odidi ìlú ló ń pe orúkọ nínú ògiri yẹn. Tèmi náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó wọ ibẹ̀."

"Kí ló fà á tó fi pẹ́?"

"Akólòlò ni mí."

Ẹnu yà mí. "Ẹ̀yin, Bàbá? Mi ò mọ̀ rí!"

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Ó ti lọ kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí amọ̀ kàn mí, mo gbé e sókè, mo ní, 'Èmi, è, è, è...' Orúkọ mi há mi lọ́fun. Amọ̀ ń ro sí mi lápá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì gbè é. Kí n tó mọ̀, gbogbo ìlú ló ń rẹ́rìn-ín. Mo ju amọ̀ sílẹ̀, mo sá wọ inú yàrà. Ọdún méjì gbáko, mi ò yọjú síbi ọdún odi mọ́. Tí wọ́n bá bi mí ní nǹkan nílé, orí ni mò ń mì. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wa burú. Ẹ̀rín kan máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó ń rín in ni, kò ní í wo ibi tó bà sí.

"Lọ́dún kẹta, bàbá bàbá mi wá mú mi. Òun ni oníbodè ìkẹyìn. Kò sí ọ̀tá tó ń dá padà mọ́. Ó kàn ń jókòó lẹ́nubodè láràárọ̀, ó ń kí ẹni tó ń lọ, ó ń kí ẹni tó ń bọ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹsẹ̀ odi. Mo tún bẹ̀rẹ̀: 'È, è...' Àwọn kan ti ń kó ẹ̀rín jọ. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, 'Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹnubodè kì í kánjú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá a pè é.' Gbogbo wọn dúró nínú oòrùn, àti Baálẹ̀, àti aláboyún, àti mọlémọlé tó na ọwọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo pè é. Gbogbo ìlú sì..."

Ojú Bàbá ti kúrò lára ògiri, ó ti bọ́ sára Mofẹ́. Mofẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Àṣàkẹ́. Ọjọ́ tí mo dé. Ẹ̀rín tí mo rín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Gbogbo wa la jọ rín in."

"Tìrẹ yàtọ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, bó ti ṣí i fún aláṣọ irin lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Mofẹ́, ohun tí wọ́n ṣe fún mi tó dùn mí, òun ni mo ṣe fún ọ. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Mi ò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi bẹ ọmọdé. Èmi tó bí, kò bẹ̀ mí rí. Mofẹ́ ṣẹ́ àgbàdo tó kù sí méjì, ó na ìlàjì sí Bàbá. Bàbá gbà á, ó jẹ ẹ́, eyín díẹ̀ tó kù sì ṣe bó ṣe mọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ fẹ́rì padà. Bàbá àti Mofẹ́ jókòó ní ìjókòó kan náà, èmi kọjú sí wọn, mo ń fún ọmọ lọ́yàn. Ẹyẹ òkun ń tẹ̀ lé ọkọ̀. A ti dé àárín omi kí n tó rí i tí ètè Mofẹ́ ń gbọ̀n.

"Baba," ó ní. "Ṣe... ṣe amọ naa..."

Ọ̀rọ̀ tó ń wá kò sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo lanu kí n fi fún un. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó sì ń wo ọmọ náà bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ. Èèyàn dìde, èèyàn jókòó. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ gba àárín wọn kọjá, Bàbá fi ọ̀pá dá a dúró.

"...ṣe amọ naa wuwo?"

"Ó wúwo, ọmọ mi," Bàbá ní. "Ó wúwo gan-an ni. Ká ní o bá mi gbé e ni, ì bá fúyẹ́."

Ló bá bi í bóyá amọ̀ náà ń rùn. Ló bá bi í bóyá ewúrẹ́ tó jìn sí yàrà kú. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí omi tí a wà lórí rẹ̀. Ó pe ewúrẹ́ bí ẹni pe ewé. Bàbá dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí fẹ́rì fi kan èbúté, mo sì sunkún díẹ̀ sí irun ọmọ ọwọ́ mi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ní báyìí, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Mofẹ́ á gba fóònù mi, á pe Bàbá, á wọ yàrá, á sì pa ìlẹ̀kùn dé. Mo máa ń gbọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó dákẹ́, tí ìdákẹ́jẹ́ náà gùn, tó sì tún bọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi etí lé ìlẹ̀kùn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Mommy, ẹ lọ," ó ní. "Ọrọ emi ati Baba ni."

Mo ní ó dáa. Mo padà sídìí ìkòkò mi, mo ń dúpẹ́.